Kì í ṣe gbogbo omi dídì ni yìnyín

Ní títì Ekenwan ní ìlú Benin, láti ìdí Ring Road títí dé ọgbà Yunifásítì Benin tó wà lójú ọ̀nà náà, oòrùn kì í jẹ́ kí ẹlẹ́ja àti onímínírà sinmi. Ìdí nìyẹn tí áìsì bulọ́ọ̀kù fi ń tà. Píjìn ni wọ́n fi ń ná an, ṣùgbọ́n bí Yorùbá méjì bá pàdé nídìí fìríìsà, èdè á yí padà.

“Ìyá, ẹ bá mi yọ yìnyín méjì.”

“Ọmọ mi, ní sùúrù, kò tíì dì. Àárín rẹ̀ ṣì ń mì.”

Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà lò ni mo fẹ́ gbà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ìyá lò, “dì”, ni mo fẹ́ kí gbogbo wa mú dání.

Yìnyín gan-an ni èyí tó ń bá òjò bọ́, tó ń han páànù léèmọ̀ nígbà àkọ́rọ̀ òjò, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Bulọ́ọ̀kù inú fìríìsà kò já bọ́ láti ibì kankan. Ibi tí wọ́n bu omi sí ló dì sí. Omi dídì ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà níwájú wọn, ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ dáadáa: yìnyín lọ́tọ̀, òjò dídì lọ́tọ̀, ìrì dídì lọ́tọ̀. Àwa la dà á pọ̀ mọ́ra. Àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà á ní “yìnyín ń bọ́” nígbà tó jẹ́ pé òjò dídì ló ń rọra rọ̀ lé wọn lórí. Bó bá jẹ́ yìnyín ni, gíláàsì mọ́tò wọn ìbá ti sọ fún wọn. Ẹni tó bá pè é ní áìsì, èmi ò bá a jà. Ó kúkú yé gbogbo wa.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sídìí “dì”. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òtútù wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí níbẹ̀ rárá. Lóòótọ́, àdín àgbọn máa ń dì nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n orí iná ni móínmóín ti ń dì. Orí iná náà ni wàrà àwọn Fúlàní ti ń dì, bí wọ́n bá ti fi oje ewé bọmubọmu sí i. Ẹ̀jẹ̀ sì ń dì nínú ara tó gbóná. Ohun tí “dì” ń sọ ni pé ohun tó ń ṣàn ti dẹ́kun ṣíṣàn, ó ti dúró sójú kan. Bó bá tutù, ẹ fi kún un pé ó tutù.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúlò fún wa bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ayé mìíràn tó ń yí oòrùn ká. Omi dídì tí à ń rà ní Ekenwan, irú kan ṣoṣo ni. Mólékù rẹ̀ máa ń tò ní igun mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn, omi náà á sì fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Òun ló ń la ìgò tí ẹ gbàgbé sínú fìríìsà. Bí a bá wá tẹ omi mọ́lẹ̀ gidigidi, yóò tò lọ́nà mìíràn. Àwọn onímọ̀ ti rí nǹkan bí ogún irú ìtò bẹ́ẹ̀, nọ́mbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Ìkeje nínú wọn ni wọ́n bá nínú dáyámọ́ǹdì láti ìhà gúúsù Áfíríkà àti Ṣáínà, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2018: omi tó há sínú òkúta iyebíye láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn réré.

Èyí tó ya àwọn Òyìnbó lẹ́nu jù ni irú kejìdínlógún. Ní 2019, àwọn tó fi iná lésà tẹ omi ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti rí bó ṣe tò. Ooru rẹ̀ ju 1,500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì dúdú. Wọ́n gbà pé irú rẹ̀ lè pọ̀ nínú Uranus àti Neptune. Lédè tiwọn, áìsì gbígbóná dà bí àwàdà. Lédè tiwa, kò sí ìjà níbẹ̀: ó dì, ó sì gbóná, bíi móínmóín. Ibi tí ó ti yẹ ká ṣọ́ra ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dì. Ọ́síjìn inú rẹ̀ dúró sójú kan, haidirójìn ń ṣàn gba àárín wọn. “Ó dì, kò dì tán,” bí ìyá onífìríìsà yóò ṣe wí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a máa ń ṣì lò ni “yọ́”. Ní 2008, ọkọ̀ Phoenix tí àjọ NASA rán lọ sí Mars gbẹ́ ilẹ̀ níbì kan tí wọ́n sọ ní Dodo-Goldilocks, kì í ṣe dòdò tí à ń jẹ o. Àwọn ègé omi dídì funfun kan yọjú níbẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí wọn ò sí mọ́. Wọn ò yọ́, nítorí ohun tó bá yọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di olómi. Bíi káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ni: ó ń kéré sí i, aṣọ kò tutù, títí yóò fi bá atẹ́gùn lọ. “Bá atẹ́gùn lọ” ni mo fara mọ́.

Ní ti omi tó dì mọ́ eruku nínú òfurufú tó tutù rékọjá ààlà, tí mólékù rẹ̀ kò ráyè tò rárá, mo dábàá “omi dídì aláìtò”. Ó ku Enceladus, òṣùpá Saturn kan. Láti 2005 ni ọkọ̀ Cassini ti rí i pé omi ń tú jáde láti ìhà gúúsù rẹ̀, ó ń dì lójú òfurufú, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń rọ̀ padà sórí ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti rọ̀, òjò dídì ni mo máa pè é. Èyí tí kò rọ̀ padà, tó lọ dara pọ̀ mọ́ òrùka Saturn, omi dídì lásán ni.