Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù Ti Dàgbà: Ta Ni Yóò Bá A Gbẹnu Sọ?



Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù, ọmọdé ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í wà ní kékeré títí. Ọkùnrin ọmọ ọdún 30 tí ó ní in ńkọ́? Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ti ń darúgbó ńkọ́? Lórí wọn ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé, àti lórí ìrànlọ́wọ́ tí ẹ lè rí fún wọn láìsan owó.

KÍ NI Ọ́TÍSÍÌMÙ?
Ó jẹ́ ọ̀nà tí ọpọlọ ẹlòmíràn gbà ń ṣiṣẹ́ láti kékeré títí di ọjọ́ ogbó. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kì í ràn, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sì fà á. Àgbàlagbà tí ó ní in lè má wo ojú ẹni. Ariwo lè dà á láàmú, ìyípadà òjijì sì lè kó ìpayà bá a. Àwọn kan kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn kàwé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kì í ṣe ìtọ́jú. Ìpalára ni wọ́n.

ÈÉṢE TÍ Ó FI NÍLÒ ALÁGBÀWÍ?
Bí ọlọ́pàá bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí kò dáhùn, wọ́n lè pè é ní ọ̀daràn. Bí inú bá ń run ún, ó lè má lè ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì. Bí bàbá bá kú, ẹbí lè pín ogún kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Alágbàwí a máa dúró tì í, a bi í ní ohun tí ó fẹ́, a sì ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́. Kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

IBI TÍ ÌRÀNLỌ́WỌ́ Ọ̀FẸ́ WÀ
1. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ lọ síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń fìyà jẹ ẹ́.
2. Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976. Wọ́n ń fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́.
3. National Commission for Persons with Disabilities. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni ó dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìyàtọ̀ hàn sí aláàbọ̀ ara lè san ₦100,000, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Òfin náà kò sì gbà kí a máa fi aláàbọ̀ ara ṣagbe. Ẹ lè mú ẹ̀sùn lọ bá àjọ yìí.
4. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ́fíìsì LASODA wà, lábẹ́ òfin ọdún 2011.
5. Ẹgbẹ́ òbí. Bí kò bá sí ní àdúgbò yín, ìyá 2 tàbí 3 lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ sí ọjà, èkejì yóò dúró ti ọmọ.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE LÓNÌÍ
(a) Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹni 2 sí káàdì, kí ẹ fi kún un pé: “Mo ní ọ́tísíìmù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra bá mi sọ̀rọ̀.” Kí káàdì náà má kúrò lápò rẹ̀.
(b) Ẹ mú un lọ kí àwọn ọlọ́pàá àdúgbò àti nọ́ọ̀sì, kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí ọ̀ràn tó dé.
(d) Ẹ bá a yan ẹni tí yóò dúró tì í lẹ́yìn yín. Ẹ bi òun náà léèrè ẹni tí ó fẹ́.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ má ṣe dá ẹrù yìí gbé, ẹ má sì fi ọmọ yín pamọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ILÉ: Bí ìyá kò bá sí nílé lónìí, ta ni ó mọ ohun tí ọmọ yìí fẹ́ àti ohun tí ó ń bẹ̀rù?