Ìlẹ̀kẹ̀ Mẹ́ta àti Ilẹ̀ Tí Ó Bí Wọn

Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè pé, “Kí ni a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀?” ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé òkúta ni. Ìdáhùn yìí kò tó. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tí àwọn baba wa kà sí iyebíye, èyíinì ni iyùn, làntànà àti ṣẹ̀gi, kò ti ọ̀nà kan náà wá. Ọ̀kan ti inú òkun wá, ọ̀kan jẹ́ òkúta gidi, iná ni ó sì bí ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì wo ohun tí ilẹ̀ tiwa lè fi kọ́ wa nípa wọn.

Àwa tí a ti Ìdógùn wá mọ̀ pé orí àpáta ni a ń gbé. Ilẹ̀ wa jẹ́ ti àpáta líle tí ó ti pẹ́ púpọ̀, irú èyí tí iná inú ilẹ̀ sè, tí ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ jíjìn, kí òjò àti oòrùn tó ṣí i sílẹ̀. Bí a bá fọ́ akọ òkúta bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé ohun mẹ́ta ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èkíní funfun, ó sì ń dán bí omi dídì: kúọ́tísì ni. Èkejì ní àwọ̀ eérú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú: feldspar ni. Ẹ̀kẹta pẹlẹbẹ, ó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja: máíkà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ sí ìhà gúúsù, àpáta náà rì lọ sábẹ́ iyanrìn àti amọ̀. Ní Òkèlúsè, tí òun náà wà ní àgbègbè Ọ̀sẹ́, òkúta ẹfun ni ó wà nínú ilẹ̀. Òkun ni ó bo ibẹ̀ ní ìgbà láéláé, àwọn ìkarahun ẹ̀dá inú omi sì wà lára ohun tí ó di òkúta náà.

Iyùn ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ọdún Ìgógó ní Ọ̀wọ̀, Ọlọ́wọ̀ a di irun bí obìnrin, a sì fi iyùn ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. Iyùn kì í ṣe òkúta láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ni ó ń kọ́ ọ bí ilé, ohun tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọ jẹ́ ìbátan òkúta ẹfun Òkèlúsè àti ìkarahun ìgbín. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará Potogí ti ń kó iyùn pupa láti òkun Mẹditaréníà wá sí Ìbíní.

Èkejì ni làntànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí a mọ Ìlọrin mọ́. Ọ̀yọ́-Ilé ni ó ti gbilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìlú náà tú láàrin ọdún 1830 sí 1840, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ kó iṣẹ́ wọn lọ sí Ìlọrin. Òkúta gidi ni èyí. Ọmọ ìyá kúọ́tísì ni, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Omi tí ó gbé èròjà kúọ́tísì lọ́wọ́ ni ó ń wọ inú ihò àti pàlàpálá òkúta, tí ó ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì. Irin ni ó sọ ọ́ di pupa, irin kan náà tí ó pọ́n yangí ẹ̀yìnkùlé wa.

Nítorí kí ni a kò fi lè fi akọ òkúta Ìdógùn ṣe irú ìlẹ̀kẹ̀ dáradára bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé hóró mẹ́ta inú rẹ̀ kò le bákan náà. Bí a bá ń lù ú, oríkèé wọn ni yóò já. Làntànà jẹ́ ohun kan ṣoṣo jálẹ̀jálẹ̀, nítorí náà ó gba dídán. Síbẹ̀ ó le ju irin lọ. Oníṣẹ́ kò lè gé e bí igi. Ṣe ni ó ń fi òòlù kékeré lu ṣóńṣó irin lé e lórí, kí ó lè máa fọ́ ọ ní ẹ̀rún-ẹ̀rún títí ihò yóò fi là á já. Lẹ́yìn náà ni yóò máa yún un lórí òkúta pẹ̀lú omi.

Ẹ̀kẹta ni ṣẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé inú ilẹ̀ ni ó ti ń hù, nítorí pé inú ilẹ̀ ni a ti ń wú u ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí ni. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius rí àjákù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé àwọn baba wa kàn yọ́ dígí àwọn ará òkèèrè ni. Ní ọdún 2006, Lankton, Ige àti Rehren fi hàn pé èròjà dígí Ifẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu: ẹfun àti èròjà inú feldspar pọ̀ nínú rẹ̀. Abidemi Babatunde Babalola náà wú ilẹ̀ Igbó Olókun ní ọdún 2011 àti 2012. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó ju 12,000 lọ, láti àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn baba wa ni ó ṣe é, nínú iná tí ooru rẹ̀ ju ìwọ̀n 1,000 Celsius lọ. A rí i, nígbà náà, pé irú ohun tí ó wà nínú àpáta Ìdógùn àti irú èyí tí ó wà ní Òkèlúsè pàdé nínú ṣẹ̀gi.

Báwo ni a ó ṣe fi èyí kọ́ ọmọ? Ní ọdún 1812, Friedrich Mohs to àwọn òkúta sí ipò mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti le sí. Iyùn wà láàrin ipò kẹta sí ìkẹrin. Dígí àti ọ̀bẹ sún mọ́ ìkarùn-ún àti ààbọ̀. Kúọ́tísì àti làntànà wà ní ìkeje. Kí olùkọ́ mú ọ̀bẹ kan àti òkúta funfun kan láti inú odò. Ọ̀bẹ yóò ha ìkarahun ìgbín, gẹ́gẹ́ bí ó ti lè ha iyùn. Òkúta funfun yóò ha àfọ́kù ìgò, gẹ́gẹ́ bí ó ti lè ha ṣẹ̀gi. Ọ̀bẹ kì yóò lè ha òkúta funfun náà, bí kò ti lè ha làntànà. Kí a má ṣe dán èyí wò lára ìlẹ̀kẹ̀ àwọn àgbà o. Ìkarahun, ìgò àti òkúta odò ti tó.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí J. D. Clarke kọ̀wé nípa iṣẹ́ làntànà ní ọdún 1938, iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Ti Ifẹ̀ sì ti parẹ́ pátápátá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò fi lè sọ pé kì í ṣe tiwa. Ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan a máa bá oníṣẹ́ wọ ilẹ̀. Èyí tí a bá kọ́ àwọn ọmọdé ni ó ń dúró. Àwọn ìwé wa fi òkè ilẹ̀ òkèèrè ṣe àpẹẹrẹ, ó sì dára kí a kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Bí a bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a ó rán wa lọ, ẹ jẹ́ kí òkúta tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ ìwé wa àkọ́kọ́.