Ìpara kan ha lè dá ojú irun tuntun bí?

Ìbéèrè: Onídìrí ni mí ní Nyékonakpoè, ní Lomé. Irun iwájú orí àwọn oníbàárà mi ń lọ sẹ́yìn, wọ́n sì ń ra ìpara tí wọ́n ní ó ń dá ojú irun tuntun. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́. Inú oyún ni gbogbo ojú irun ènìyàn ti ń wáyé, láti nǹkan bí oṣù kẹta. Àwọn jíìnì WNT ló ń pàṣẹ pé kí irun wà níbì kan. Àwọn jíìnì BMP á dá àyíká ibẹ̀ dúró, kí ojú irun má baà fún pọ̀ jù. Jíìnì EDAR náà ń bá wọn ṣe é: ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́, irun rẹ̀ á fọ́nká, eyín rẹ̀ á dín, kì í sì í làágùn dáadáa.

Bákan náà ni ti ìyẹ́ adìẹ: ẹ wo adìẹ tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Roslin ní Skọ́tíláǹdì fi hàn pé BMP12 ló pọ̀ jù nínú awọ rẹ̀. Inú ẹyin ni ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ti àwọn oníbàárà yín yàtọ̀. Ojú irun wọn wà tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dídì tó le jù ló ń mú kí irun iwájú wọn lọ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá tètè jáwọ́, irun á tún hù. Bí ó bá ti di àpá, ìpara kankan kò lè jí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fa irun ọmọdé le rárá. Ẹni tí orí bá ń ro lẹ́yìn dídì, ẹ tú u lọ́jọ́ náà gan-an.