Àdó Olóró Àfọwọ́jù: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan

Bí olùkọ́ kan ní Ayépé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bá fẹ́ ṣàlàyé ohun ìjà kékeré tí ọmọ ogun ń fi ọwọ́ jù, orúkọ mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀: gírínéèdì, bọ́ǹbù ọwọ́ àti àdó olóró. Èyí ìkẹyìn nìkan kò tó, nítorí pé èyí tí ọkọ̀ òfuurufú ń jù sílẹ̀ náà àdó olóró ni. Bọ́ǹbù ọwọ́ kò sì sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí i. Àdó olóró àfọwọ́jù sọ ọ́.

Àdó gan-an yẹ ní wíwò. Akèrègbè kékeré tí àwọn oníṣègùn ń rọ oògùn sí ni. Ohun inú rẹ̀ kò hàn síta, agbára rẹ̀ sì ju títóbi rẹ̀ lọ. Àwọn Faransé náà, èso ni wọ́n wò, èyíinì pómégíránátì inú Bíbélì, tí kóró kún inú rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ohun ìjà yìí lórúkọ. Kí ni Yorùbá tún ń yá orúkọ fún?

Irú èyí tí William Mills ṣe ní Birmingham ní ọdún 1915 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá bá wọn jà ní Bọ́mà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ní èèpo irin, ohun abúgbàmù nínú, okùn-iná, ọwọ́-ìtẹ̀ àti ìdè olórùka. Bí a bá tilẹ̀ yọ ìdè, kò ní í ràn níwọ̀n ìgbà tí a bá di ọwọ́-ìtẹ̀ mú. Bí a bá jù ú, ọwọ́-ìtẹ̀ á fò kúrò, okùn-iná á jó fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 4, lẹ́yìn náà ni yóò bú. Àfọ́kù èèpo náà ni ó ń pani. Inú kòtò àti ẹ̀yìn ògiri, níbi tí ọta ìbọn kò lè yà dé, ni ìwúlò rẹ̀ pọ̀ sí. Èyí tí ó ń rú èéfín láti fi àwọn ọmọ ogun pamọ́ kì í ṣe olóró; àdó eléèéfín tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó léwu ju orúkọ lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ran ilé ìkóhun-ìjà-sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkejà. Ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ ni ó kú, púpọ̀ nínú wọn nínú omi Òkè-Afá níbi tí wọ́n sá gbà. Àwọn ohun ìjà tí kò tíì bú fọ́n ká àdúgbò. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ “tí kò bú” sí ìkìlọ̀ irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ti ṣe àṣìṣe ńlá: ọmọ Ayépé tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ohun náà ti kú, yóò sì mú un ṣeré. “Tí kò tíì bú” ni ó yẹ kí ó kọ.