Kí Oníbàárà Tó Sanwó Ọkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ore, iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ kí oníbàárà tó ra ọkọ̀. Bó bá bi yín pé, "Ọ̀gá, ṣé tòkunbọ̀ ni kí n rà ni, àbí èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà?", ẹ má tètè dá a lóhùn. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tó fẹ́ máa rìn. Ẹni tó fẹ́ máa fi kó kòkó jáde nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ oko ní Òdìgbò, ọkọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ máa ná Ore sí Èkó.

Ẹ wo Peugeot. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ohun tó jẹ́ kí Peugeot 504 pẹ́ lójú títì ni pé ìlú tí ẹ bá dé, ẹ ó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Àmọ́ ilẹ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ páàtì náà ti ń wá nígbà náà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 1986, páàtì ọkọ̀ tí à ń pè ní tiwa gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà bí ẹnìkan bá ní ọkọ̀ abẹ́lé kò lè náni lówó. Innoson tí wọ́n ń ṣe ní Nnewi wù mí, mo sì fẹ́ kó gbèrú. Síbẹ̀, ẹ wádìí ibi tí páàtì rẹ̀ wà nítòsí Ore kí ẹ tó ní kí àgbẹ̀ rà á.

Toyota tòkunbọ̀ ní tirẹ̀, páàtì rẹ̀ pọ̀, ayédèrú rẹ̀ náà sì pọ̀. Ẹ má gbára lé iye máìlì tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n ń yí i padà. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá ki, tó funfun bí ògì, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọnú ọ́ìlì. Bí ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jíà bá wà, ẹ fà á yọ, ẹ fi àkísà funfun nù ún, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ sọ fún oníbàárà pé ìnáwó jíà ń bọ̀. Ẹ sọ ọ́ níṣojú ẹni tó ń ta ọkọ̀, bí inú tiẹ̀ bí i.

Lẹ́yìn tó bá rà á, ẹ ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ náà. Gbogbo ohun tí ẹ bá pààrọ̀, bíréèkì, ṣọ́kì, ọ́ìlì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀. Tí ọdún bá yí po, ẹ kà á fún un, kó lè mọ̀ bóyá kó tà á tàbí kó ṣì máa tún un ṣe. Páàtì tí ẹ bá tú kúrò, ẹ kó o lé e lọ́wọ́.