Ọdún Mélòó Ni Ó Kù Kí Epo Rọ̀bì Ilẹ̀ Wa Tó Tán?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi ara wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti owó ìlú: ọdún mélòó ni ó kù kí epo rọ̀bì ilẹ̀ Nàìjíríà tó tán? Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń bójú tó wíwa epo dáhùn ní ọdún 2025. Wọ́n ní bí a bá ń wà á bí a ti ń wà á nígbà náà, epo yóò tó nǹkan bí ọdún 64, gáàsì yóò sì tó nǹkan bí ọdún 93. Ẹni tí ó gbọ́ èyí lè fọkàn balẹ̀, kí ó wí pé kò kàn òun, ó di ọwọ́ àwọn ọmọ ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ṣe ìṣirò náà, nítorí ìṣirò tí kò yé ni a máa tan ni jẹ.

IBI TÍ EPO WÀ

Epo rọ̀bì kò wà lábẹ́ ilẹ̀ bí odò, bẹ́ẹ̀ ni kò dà bí omi inú kànga. Inú àwọn ihò wínníwínní ara òkúta ni ó fara pamọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí omi ti í wà lára kànìnkànìn. Bí a bá fún kànìnkànìn, omi púpọ̀ yóò jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ yóò kù tí ọwọ́ kò lè fún tán. Bákan náà ni epo rí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ bá kéde iye epo tí orílẹ̀-èdè kan ní, kì í ṣe gbogbo èyí tí ó wà nínú òkúta ni wọ́n ń kà. Èyí tí wọ́n ti rí, tí irinṣẹ́ òde òní lè fà jáde, tí owó tí a ó tà á yóò sì ju ìnáwó orí rẹ̀ lọ, ni wọ́n ń kà. Bí epo bá wọ́n lọ́jà, iye náà lè pọ̀ sí i. Bí ó bá dẹ̀jọ, iye náà lè dín kù, bẹ́ẹ̀ ni òkúta kò kúrò níbi tí ó wà.

BÍ A TI ṢE ÌṢIRÒ NÁÀ

Ní ọdún 1956 ni a rí epo tí ó tó tà ní Oloibiri, ní ilẹ̀ tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Ní 1958 ni ọkọ̀ òkun kó èyí àkọ́kọ́ lọ sí òkè òkun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2025, iye tí ìjọba kéde pé ó kù jẹ́ bílíọ̀nù 37.28 àgbá. Epo rọ̀bì àti epo fífúyẹ́ tí í bá gáàsì jáde ni a kà pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbá kan jẹ́ lítà 159, tí í ṣe nǹkan bí garawa mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Bí a bá ń wa mílíọ̀nù 1.6 àgbá lóòjọ́, yóò jẹ́ mílíọ̀nù 584 lọ́dún. Ẹ fi èyí pín bílíọ̀nù 37.28, ẹ óò rí ọdún 64 náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọdún 2005. Iye tí a kà nígbà náà jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 36 àgbá, a sì ń wa nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 lóòjọ́. Bí ẹ bá pín in, kò ju nǹkan bí 40 ọdún lọ. Láti ìgbà náà, ogún ọdún ti kọjá, a kò sì dẹ́kun wíwa epo. Síbẹ̀ ìṣirò wí pé ọdún tí ó kù ti di 64. Báwo ni èyí ṣe jẹ́?

Ìdí méjì ni. Èkíní ni pé a rí epo tuntun, a sì tún èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wọ̀n. Èkejì ni pé iye tí a ń wà lóòjọ́ ti dín kù gidigidi. Bí àgbẹ̀ kan bá ní 300 iṣu, tí ó ń tà 10 lóòjọ́, oṣù kan ni yóò fi tà á tán. Bí ọ̀nà ọjà bá bàjẹ́, tí kò lè tà ju 5 lọ lóòjọ́, iṣu náà yóò tó oṣù méjì. Ta ni yóò kí àgbẹ̀ náà kú oríire?

Kì í ṣe ọgbọ́n ìpamọ́ ni ó fa ìdínkù tiwa. Àwọn olè ń lu páìpù, wọ́n sì ń fa epo lọ. Ọ̀pọ̀ kànga epo ti gbó. Àwọn olówó sì ń lọ́ra láti gbẹ́ tuntun. Ní oṣù September 2022, epo rọ̀bì tí a ń wà lóòjọ́ kò tó mílíọ̀nù kan àgbá.

Ọ̀RỌ̀ GÁÀSÌ

Ní ti gáàsì, kò sí orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tí a kéde pé tirẹ̀ pọ̀ tó tiwa. Iye rẹ̀ ní January 2025 jẹ́ tírílíọ̀nù 210.54, àyè inú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ẹyọ kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná ni a ń ti bọ èyí tí ó bá epo jáde, nítorí pé a kò ní páìpù tí yóò gbé e lọ. Ní 1999 ni ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ gbé gáàsì jáde láti ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Bonny. Níbẹ̀ ni a ti ń mú un tutù títí yóò fi di omi, tí kò ní gbà ju ìdá kan nínú 600 àyè tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Páìpù mìíràn gbéra láti Ìtókí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba abẹ́ òkun lọ sí Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi.

ÌKÌLỌ̀ LÁTI ẸNÚGÙ

Ohun kan wà tí ìṣirò ọdún 64 kò sọ. Ní 1909 ni a rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Ẹnúgù, òun ni ọkọ̀ ojú irin wa sì ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í lo epo dísù, ọjà èédú sì wó. Èédú náà kò tán. Ó wà nínú ilẹ̀ títí di òní. Àwọn tí ń rà á ni wọ́n lọ.

Lónìí, àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ra epo ń ṣe ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná, wọ́n sì ń rí iná láti ara oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọjà ni yóò kọ́kọ́ tú, kí epo tó tán. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ wá kì í ṣe ọdún tí epo yóò tán nìkan, bí kò ṣe ohun tí a ó ti fi owó rẹ̀ ṣe kí ọjà tó tú.

Ìran kan ti fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀ fún wa. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé e ró. Kòkó a máa so lọ́dọọdún. Epo kì í so. Ẹni tí ń tà ohun tí kì í so, òun ni ó yẹ kí ó ṣọ́ owó rẹ̀ jù. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń wa epo máa ya ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó iṣẹ́ wọn ti ọdún tí ó ṣáájú sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wà á. Àwọn ará wa ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí a ti ná owó náà.

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a bá fi owó epo kọ́ ọmọ, bí epo tilẹ̀ tán, ilé kò ní tú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín epo tí ó wà nínú òkúta àti epo tí a kà pé a ní?
2. Kí ló dé tí iye ọdún tí ó kù fi lè pọ̀ sí i nígbà tí nǹkan kò dára?
3. Bí ẹ̀yin bá ní owó epo ọdún kan lọ́wọ́ fún ìlú yín, kí ni ẹ óò fi ṣe tí yóò wà títí di ìgbà àwọn ọmọ ọmọ yín?