Fáìlì tó gba orí wáyà kọjá: Bí oníṣòwò ṣe lè mọ ẹni tó kó o

Ní Kirikiri àti Apapa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹun nídìí gbígba ẹrù jáde ní èbúté. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kọ̀ǹpútà mẹ́rin wà ní ọ́fíìsì yín, tí ọ̀kan nínú wọn ń tọ́jú fáìlì tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń lò. Lọ́jọ́ kan, ẹ gbọ́ pé orúkọ àwọn oníbàárà yín àti iye tí wọ́n ń san ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín. Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó kó o?

Fáìlì kì í ṣàdédé fò láti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú èkejì. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń gé e, ègé kọ̀ọ̀kan á sì gbé nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó ti ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ dání. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Wireshark. Gerald Combs ló gbé e jáde lọ́dún 1998 pẹ̀lú orúkọ Ethereal, wọ́n sì yí orúkọ náà padà lọ́dún 2006. Ó lè ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ègé tó ń kọjá àti àkókò tí wọ́n kọjá. Ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì ni wọ́n ń pè ní SMB. Bí àkọsílẹ̀ bá pé, onímọ̀ lè to ègé wọ̀nyí padà kí fáìlì náà jáde ní odindi, kódà bí ẹni tó kó o bá ti pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tó bá ti kọjá kí àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ti lọ nìyẹn. SMB 3 lè ti ọ̀rọ̀ inú fáìlì pa bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kìkì kọ̀ǹpútà tó bá èkejì sọ̀rọ̀, àkókò, àti bí ohun tó kọjá ṣe pọ̀ tó lẹ máa rí. Ẹni tó bá sì ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà gan-an kò gba orí wáyà rárá. Bákan náà, kọ̀ǹpútà ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Bó bá wá di ọ̀rọ̀ kóòtù ńkọ́? Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí lọ́dún 2023, ló ń darí ẹ̀rí tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, lórí ìdìbò gómìnà Bayelsa ọdún 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé wọn ò tẹ̀ lé abala yìí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé ọ́fíìsì lè máa ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, torí òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ọdún 2015 kò fàyè gba kéèyàn máa fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìtọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí onímọ̀ gbé Wireshark sórí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì. Bí wàhálà bá dé, ẹ má fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ ẹni tó ṣe é sílẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, ṣùgbọ́n olóhun tó bá ń ṣọ́ ohun tiẹ̀ ni ọjọ́ kan náà máa ń bá lójúfò.